Ìlà mẹ́jọ nínú okùn kan: bí mo ṣe dín ìjò àmì kù lórí VDSL2

Iṣẹ́ tó délẹ̀ ni ìlà íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ tó ń gba inú okùn tẹlifóònù kan ṣoṣo kọjá. Okùn náà gùn tó 400 mítà láti yàrá ẹ̀rọ dé àwọn ilé tó wà ní ìpẹ̀kun ọgbà. Ogún wáyà ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì lọ́ wọn mọ́ra ní méjì-méjì. Èmi máa ń pe méjì tí a lọ́ mọ́ra ní ìbejì, orúkọ yẹn náà ni màá lò níbí. Ìbejì mẹ́jọ ń ṣiṣẹ́, méjì wà nílẹ̀ lásán. DSLAM kékeré kan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì sórí wáyà tẹlifóònù, ló ń bọ́ gbogbo wọn. VDSL2, ìlànà kan fún íntánẹ́ẹ̀tì orí wáyà, ló ń sọ, lórí ètò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 17a, ìyẹn ni pé ìgbì tó ń lò ga dé 17.664 MHz.

Ẹjọ́ kan náà ni gbogbo ilé ń rò. Láàárọ̀, íntánẹ́ẹ̀tì á máa sáré. Tó bá di alẹ́ tí kálukú ti tan móódẹ̀mù rẹ̀, á já, á tún so padà, ìwọ̀n tó bá sì fi so padà á kéré sí ti àárọ̀. Ẹni tó ti wò ó ṣáájú mi sọ fún wọn pé fáíbà tó wọ yàrá ẹ̀rọ ló kún. Mo ṣọ́ fáíbà náà fún alẹ́ mẹ́ta, kò lo ìdámẹ́ta àyè rẹ̀ rí. Mo fi fáíbà sílẹ̀, mo kọjú sí okùn.

Ọjọ́ kìíní

Mo ti gbogbo ìlà pa láti orí DSLAM, mo ṣẹ́ ìlà kìíní nìkan kù. Ó so ní 98 Mbps, ìyẹn mílíọ̀nù bit 98 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fún gbígbà. Mo ṣí ìlà kejì, ìlà kìíní bọ́ sí 84. Mo ṣí ìkẹta, ó di 77. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ: 72, 68, 64, 60. Nígbà tí ìlà kẹjọ fi máa wọlé, 57 ló kù. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí ìlà tuntun ni mo ń jẹ́ kí ìlà kìíní tún ara rẹ̀ so, kí ohun tí mo ń kọ sílẹ̀ lè jẹ́ òótọ́ ibẹ̀. Lásìkò yẹn, kò sẹ́ni tó ń wo fíìmù, kò sẹ́ni tó ń gba ohunkóhun. Móódẹ̀mù tó bá ti so, tọ̀sán-tòru ni àmì máa wà lórí wáyà rẹ̀, yálà èèyàn ń lò ó tàbí kò lò ó.

57 yẹn dùn mí, torí kò sí ohunkóhun tó ṣe ìlà kìíní fúnra rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ló gba ohun tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

Crosstalk ni àwọn oníṣẹ́ wáyà ń pè é. Ìjò ni màá máa pè é. Àmì tó ń gba orí wáyà kọjá kì í dúró sára wáyà náà pátápátá, ó máa ń jò sára èyí tó bá sún mọ́ ọn, bí ọ̀rọ̀ yàrá kejì ṣe máa ń gba ara ògiri wọlé síni létí. Lórí tẹlifóònù àtijọ́, ohùn ẹlòmíràn ni wàá máa gbọ́ lábẹ́lẹ̀. Lórí VDSL2, ariwo lásán ni móódẹ̀mù ń gbọ́. Bí ìgbì bá sì ṣe ń ga sí i ni ìjò ń le sí i: tí ìgbì bá di ìlọ́po méjì, ìjò náà lè fi dB 6 pọ̀ sí i (dB ni a fi ń wọn bí àmì tàbí ariwo ṣe le tó). Ìdí nìyẹn tí ADSL2+, ìlànà tó ṣáájú VDSL2, tí kò kọjá 2.2 MHz, kì í fi í jẹ ìyà ìjò tó VDSL2.

Oríṣi méjì ni ìjò. Ìjò ìtòsí ni ti ẹni tó dúró sí ẹ̀bá rẹ tó ń pariwo nígbà tí ìwọ ń gbìyànjú láti gbọ́ ohùn tó ń bọ̀ láti òkèèrè. VDSL2 ti yẹra fún èyí, torí ìgbì tó fi ń gbà yàtọ̀ sí ìgbì tó fi ń ránṣẹ́. Ìjò òkèèrè ló kù, òun ló sì ń bá mi jà nínú iṣẹ́ yìí: DSLAM fi àmì ránṣẹ́ sí ilé aládùúgbò, díẹ̀ nínú rẹ̀ jò sára ìlà rẹ lójú ọ̀nà, ó sì bá àmì tìrẹ dé móódẹ̀mù rẹ pọ̀. Ìgbì kan náà ni wọ́n ń lò, àsìkò kan náà ni wọ́n dé. Kò sí filter tó lè yà wọ́n.

Kí n tó sùn, mo ṣírò bóyá ìjò nìkan tó láti jẹ 41 Mbps. VDSL2 gé ìgbì sí ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 4.3125 kHz. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń gbé ẹrù ìgbà 4,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹrù kan kò sì lè ju bit 15 lọ. Bí ọ̀nà bá ṣe dákẹ́ tó ló máa sọ iye bit tó lè gbé: ariwo fi dB 3 ga sí i, bit kan já bọ́. Nínú ohun tí DSLAM kọ jáde fún mi, ariwo fi nǹkan bí dB 15 ga sí i lórí nǹkan bí ọ̀nà 2,000 lára ìlà kìíní. Bit márùn-ún lórí ọ̀nà 2,000, ní ìgbà 4,000, 40 Mbps nìyẹn. Ó bá ohun tí mo rí mu.

Ọjọ́ kejì

Mo fẹ́ mọ ẹni tó ń jò sára ẹni. Mo ń ṣí ìlà méjì pọ̀, méjì péré, màá kọ ti àwọn méjèèjì sílẹ̀, màá sì gbé ọ̀kan kúrò, màá fi òmíràn dípò. Ìgbà 28 ni mo ṣe bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà 56 ló wà nínú ìwé mi nírọ̀lẹ́. Iṣẹ́ tó ń sú ni ni, àmọ́ n kò mọ ohun tó lè rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí á máa tún gbogbo okùn ṣe nígbà tó jẹ́ ojú kan ló bàjẹ́.

Ìlà tó pọ̀ jù, aládùúgbò kan péré kò lè fà á wálẹ̀ ju 82 sí 91 lọ. Ìlà kẹta àti ìkarùn-ún yàtọ̀. Ìlà kẹta ní òun nìkan: 93. Ìlà kẹta pẹ̀lú ìkarùn-ún: 44. Nígbà tí gbogbo ilé bá wà lórí ìlà, 31. Ìlà karùn-ún náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, 34 ló máa ń ní.

Kò yẹ kí ìbejì méjì jò sára wọn tó bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1881 ni Alexander Graham Bell ti gba ìwé àṣẹ lórí wáyà méjì tí a lọ́ mọ́ra, ìjò yìí gan-an ló sì fi wọ́n jà. Bí a bá lọ́ wọn, wáyà tó sún mọ́ aládùúgbò níbí á jìnnà sí i tó bá ṣe díẹ̀ síwájú, ìkejì rẹ̀ á sì bọ́ sí ipò yẹn. Ohun tó bá jò sára ọ̀kan á jò sára ìkejì ní ìwọ̀n kan náà. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì nìkan ni móódẹ̀mù ń wò, nítorí náà ohun tó bá dọ́gba lára wọn á pa ara rẹ̀ rẹ́. Àwọn tó ń ṣe okùn tún máa ń jẹ́ kí ìlọ́ ìbejì kan yàtọ̀ sí ti òmíràn, kí ìbejì méjì má baà máa yí ní ìṣísẹ̀ kan náà. Nọ́ńbà tí mo rí lórí ìlà kẹta àti ìkarùn-ún ń sọ fún mi pé ibì kan wà láàárín 400 mítà yẹn tí ìlọ́ kò ti sí mọ́.

Ọjọ́ kẹta

Àpótí ìsopọ̀ mẹ́rin ló wà lójú ọ̀nà. Ọmọ iṣẹ́ mi dúró sí yàrá ẹ̀rọ, èmi wà lọ́dọ̀ àwọn ilé, a fi mítà wo ìlà méjèèjì láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Wáyà kọ̀ọ̀kan dé ibi tó yẹ kó dé. Kò sí èyí tó kan èkejì, kò sí èyí tó kan ilẹ̀.

"Ọ̀gá, mítà ní kò sóhun tó ṣe é o."

"Mo gbọ́. Má tíì kó irinṣẹ́."

Mítà tó ń wò ó bóyá iná dé ọ̀hún kò lè mọ ẹni tí wáyà bá rìn dé ọ̀hún. Nítorí náà mo fi ìdánwò yẹn sílẹ̀. Mo yọ ìlà kẹta àti ìkarùn-ún kúrò lẹ́nu àpótí kan sí àpótí kejì, kí apá okùn àárín wọn lè dá dúró, kó má kan ohunkóhun ní ìhà méjèèjì. Mo wá yí mítà sí ibi tí a fi ń wọn kapasítáǹsì. Wáyà méjì tí a lọ́ mọ́ra fara mọ́ra ju bí wọ́n ṣe fara mọ́ aládùúgbò lọ, mítà sì máa ń rí ìfaramọ́ yẹn. Okùn tẹlifóònù sábà máa ń ní nǹkan bí 52 nF nínú kìlómítà kan; nF ni a fi ń ka kapasítáǹsì.

Láti yàrá ẹ̀rọ dé àpótí kìíní, kò sóhun tó ṣe é. Àpótí kìíní sí ìkejì, bákan náà. Àpótí kejì sí ìkẹta jẹ́ 40 mítà, ó sì yẹ kó fún mi ní nǹkan bí 2 nF. Ìlà kìíní, tí mo fi ṣe òṣùwọ̀n, fún mi ní 2.1. Ìlà kẹta, 1.3.

Wáyà aláwọ̀ ewé àti funfun ni ìlà kẹta. Ìlà karùn-ún, aláwọ̀ eérú àti funfun. Mo jẹ́ kí ẹnu mítà kan wà lára aláwọ̀ ewé, mo gbé ìkejì kúrò lára funfun tiẹ̀, mo fi kan funfun ìlà karùn-ún. Mítà ní 2.1.

Mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kejì kí n tó pe ọmọ iṣẹ́ mi pé kó máa bọ̀ wá fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Funfun méjèèjì kò ní àmì kankan lára. Ìgbà tí funfun bá ṣì lọ́ mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ nìkan lèèyàn lè mọ ti ẹni tó jẹ́. Ẹni tó ṣe àpótí kejì tú ìlọ́ náà sẹ́yìn jìnnà, ó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, àwọn funfun dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó so funfun ewé mọ́ eérú, ó so funfun eérú mọ́ ewé. Ó dájú pé tẹlifóònù ilé méjèèjì kò dún. Dípò kó padà sí àpótí kejì, àpótí kẹta ló lọ, ó pààrọ̀ àwọn funfun níbẹ̀ títí tẹlifóònù fi dún, ó sì pa ọmọrí dé. Ohùn tẹlifóònù kò kọjá nǹkan bí 4 kHz, kò lè mọ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n lórí 12 MHz, 40 mítà gbáko ni Táíwò ilé kan fi ń bá Kẹ́hìndé ilé kejì rìn.

A gé ìsopọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò. A tọ ìbejì kọ̀ọ̀kan láti ibi tí ìlọ́ rẹ̀ ti dájú, a sì tún wọn so. Ọmọ iṣẹ́ mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ so ti àpótí kẹta. Pẹ̀lú gbogbo ilé lórí ìlà, ìlà kẹta kúrò ní 31, ó di 56. Ìkarùn-ún di 55.

Èèyàn lè béèrè pé kí ló dé tí n kò kàn tan vectoring, ọgbọ́n kan tí DSLAM fi ń ṣírò ìjò kó lè pa á rẹ́, kí ó fúnra rẹ̀ pa ìjò náà rẹ́. Vectoring máa ń ṣe dáadáa níbi tí ohùn onílé bá ti ga ju ìjò aládùúgbò lọ dáadáa. Níbi tí wáyà bá ti pààrọ̀ ẹnìkejì, ìjò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ohùn onílé dọ́gba, agbára tí DSLAM á sì ní láti fi kún àmì kó tó lè pa á rẹ́ lè kọjá ohun tí òfin ìgbì gbà á láyè láti fi ránṣẹ́. Ọwọ́ ni kó kọ́kọ́ tún ohun tí ọwọ́ bàjẹ́ ṣe.

Ọjọ́ karùn-ún

Àwọn ẹnu wáyà tó kù. Nínú àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo bá ibi tí wọ́n ti tú ìlọ́ sílẹ̀ tó ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Mo gé e, mo tún un tẹ̀ wọlé, ìlọ́ náà wá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan eyín ìsopọ̀. Èrè rẹ̀ kò pọ̀, Mbps kan tàbí méjì lórí ìlà kan, àmọ́ mi ò lè rí i kí n fi í sílẹ̀.

Ilé keje ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Wáyà àtijọ́ kan ṣì so mọ́ ìlà náà, mítà 6 ni gígùn rẹ̀, ó lọ sí yàrá tí ẹnikẹ́ni kò fi tẹlifóònù sí mọ́. Àmì máa ń wọ inú irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀, á dé ìpẹ̀kun, á padà, á wá bá ara rẹ̀ jà. Àmì ń sáré ní nǹkan bíi mítà mílíọ̀nù 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lórí wáyà; pín in sí ìlọ́po mẹ́rin mítà 6, wàá rí i pé nǹkan bí 8.3 MHz ni ìjà náà á ti le jù. Mo wo àwòrán ìlà keje lórí DSLAM: kòtò kan wà níbẹ̀, ó sún mọ́ 8 MHz. Mo gé ẹ̀ka náà sọnù. Kòtò náà dí.

Ọjọ́ kẹjọ

Mo tan vectoring.

Àwọn tó ń ṣe ìlànà ní ITU, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, fọwọ́ sí G.993.5, ìyẹn ìlànà vectoring, ní oṣù kẹrin ọdún 2010, ṣùgbọ́n èrò rẹ̀ ti wà nílẹ̀ ṣáájú; George Ginis àti John Cioffi ti gbé e kalẹ̀ nínú ìwé ìwádìí wọn ní ọdún 2002. Mo fẹ́ràn èrò yìí gidigidi torí pé ó rọrùn láti rò, iṣẹ́ ṣíṣe rẹ̀ ló ṣòro. Gbogbo ẹnu tó ń fọ̀ sí ilé mẹ́jọ wà nínú àpótí kan ṣoṣo, DSLAM. Kí ó tó sọ̀rọ̀, ó ti mọ ohun tó fẹ́ sọ fún ilé kọ̀ọ̀kan. Tó bá tún wá mọ bí ti ilé karùn-ún ṣe máa jò sára ti ilé kìíní, ó lè ṣírò ìjò náà ṣáájú, kó fi òdìkejì rẹ̀ kún àmì ilé kìíní kó tó rán an jáde. Lójú ọ̀nà, ìjò àti òdìkejì rẹ̀ á pàdé, wọ́n á pa ara wọn rẹ́, móódẹ̀mù á gbọ́ ohun tí wọ́n rán sí i nìkan. Ní ti àmì tí àwọn ilé ń fi ránṣẹ́, àpótí kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń dé sí, DSLAM á yọ ìjò kúrò lẹ́yìn tó bá ti gbà á tán.

Kíkọ́ ìjò ni iṣẹ́. Lẹ́yìn gbogbo ẹrù 256, VDSL2 máa ń rán ọ̀kan tí kò gbé ọ̀rọ̀ oníbàárà kankan, ìyẹn sync symbol. G.993.5 lo ẹrù yìí: ó fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní ìlù ìdánimọ̀ tirẹ̀, rere àti òdì ní ètò tó yàtọ̀ sí ti ìlà mìíràn, ó sì ṣètò wọn débi pé ìlù méjì kò lè ṣi ara wọn mú. Móódẹ̀mù á wo bí ohun tó gbọ́ ṣe ṣìnà sí ohun tó yẹ kó gbọ́, á sì fi àṣìṣe náà ránṣẹ́ padà. Láti inú àṣìṣe yẹn ni DSLAM ti ń mọ ẹni tó jò àti bó ṣe jò tó, lórí ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan. Sync symbol kan ń bọ̀ ní nǹkan bí ìdá 64 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Ìlà mẹ́jọ nílò mẹ́jọ rẹ̀ ó kéré tán, ìyẹn ni pé ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan tó láti lu ìlù náà já.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìṣírò ni títí. Ìlà mẹ́jọ nígbà mẹ́jọ jẹ́ 64, lórí nǹkan bí ọ̀nà gbígbà 2,900, ìgbà 4,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan: ìsọdipúpọ̀ mílíọ̀nù 742. Tí ìlà bá jẹ́ 100, yóò di bílíọ̀nù 116. Okùn kékeré bíi tèmi kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo fún ẹ̀rọ.

Mo retí kí gbogbo nọ́ńbà fò sókè. Ìlà kìíní di 76. Ìlà kẹta, 71. Ó dára ju 57 lọ, àmọ́ kò dé ibi tí mo ń wò. Mo ṣí ojú ìwé ipò ìlà: méje wà nínú ẹgbẹ́ vectoring, ìlà kẹfà kò sí níbẹ̀.

Móódẹ̀mù ilé kẹfà ti pẹ́, VDSL2 lásán ló gbọ́. Nínú VDSL2 àtijọ́, bí sync symbol bá yí padà sí òdì, àmì ni pé ètò ìlà fẹ́ yí padà. Bí DSLAM bá wá lu ìlù ìdánimọ̀ lórí ìlà yẹn, móódẹ̀mù á rò pé àṣẹ ni wọ́n ń pa fún òun. Nítorí náà DSLAM kò lu ìlù kankan fún un. Níwọ̀n bí kò sì ti lu ìlù, kò sí bó ṣe lè mọ bí ìlà kẹfà ṣe ń jò sára àwọn méje. Ilé kan péré ló ń jẹ gbogbo ìyókù níyà báyìí.

Ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀ fún mi: kí n gba firmware tuntun, ìyẹn ètò tó ń darí ẹ̀rọ láti inú, fún móódẹ̀mù náà, tàbí kí n fún ìlà kẹfà mọ́lẹ̀ kó má kọjá 2.2 MHz, kí òkè lè dá fún àwọn tó kù. Fún ọjọ́ méjì tí mo fi ń wá firmware náà, mo fún un mọ́lẹ̀. Àwọn méje fò sókè lójú ẹsẹ̀, wọ́n lé ní 90. Ilé kẹfà bọ́ sí 19. Mo lọ kí bàbá tó ń gbé ibẹ̀ kí n tó ṣe é, torí n kò fẹ́ kó jẹ́ pé ojú ráútà ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ.

"Ṣé ìwọ lo wá tún un ṣe, tí tèmi wá ń lọ sílẹ̀?"

"Ẹ má bínú, bàbá. Ọjọ́ méjì péré ni. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, màá dá a padà sí bó ṣe wà."

Wọ́n gbà. Inú mi kò dùn sí i ní ọjọ́ méjèèjì yẹn.

Ọjọ́ kẹwàá

Ilé iṣẹ́ tó ṣe móódẹ̀mù náà ní firmware tó gbọ́ G.993.5. Mo gbé e wọlé, mo tan án. Ó pẹ́ kó tó so, ó sì yẹ kó pẹ́: kí ìlà tuntun tó wọ ẹgbẹ́, DSLAM gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ bó ṣe máa jò sára àwọn tó ti wà níbẹ̀, kó má baà já wọn nígbà tó bá ń wọlé. Mo jókòó ti ìwé ipò ìlà, mo ń wo nọ́ńbà àwọn méje yòókù títí ìlà kẹfà fi wọlé. Kò sí èyí tó mì.

Ìlà kìíní 94. Ìkejì 93. Ìkẹta 90. Ìkẹrin 92. Ìkarùn-ún 90. Ìkẹfà 91. Ìkeje 92. Ìkẹjọ 95. Gbogbo wọn pọ̀ lórí ìlà, lẹ́ẹ̀kan náà. Mo padà lọ sọ́dọ̀ bàbá, mo fi 91 hàn wọ́n.

Ọjọ́ kẹtàlá

Ilé kẹrin bẹ̀rẹ̀ sí í ní àṣìṣe, alẹ́ nìkan. Nígbà tí ìjò ṣì wà lórí ìlà náà, kò ní irú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fi sọ́kàn nìyí: ìjò ti ń bo àwọn ariwo mìíràn mọ́lẹ̀. Nígbà tí ìjò lọ, móódẹ̀mù gbé ẹrù tó wúwo lé ọ̀nà tó ti dákẹ́, ariwo kékeré tí kò jẹ́ nǹkankan tẹ́lẹ̀ wá lè dà á nù. Vectoring kò sì lè ràn án lọ́wọ́, torí ariwo tó wá láti ìta kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí DSLAM sọ.

Mo mú rédíò kékeré kan tó ń gba AM lọ síbẹ̀ lálẹ́, mo yí i sí ibi tí kò sí ilé iṣẹ́ rédíò kankan, mo ń gbé e káàkiri yàrá. Lẹ́bàá móódẹ̀mù, ariwo rẹ̀ le díẹ̀. Lẹ́bàá ẹ̀rọ tó ń fún fìtílà tábìlì níná, ó hó yéè. Èyí tó ń gbé iná náà wà lórí wáyà tẹlifóònù gan-an, ó fara lé e. Mo fa fìtílà jáde nínú iná, ariwo rédíò dákẹ́. A gbé fìtílà lọ sí igun kejì yàrá, mo sì fi wáyà tí a lọ́ dáadáa rọ́pò wáyà pẹlẹbẹ tó ti ara ògiri lọ sí móódẹ̀mù. Irú wáyà pẹlẹbẹ yẹn kò ní ìlọ́ kankan, mítà 3 ló sì gùn. N kò mọ ìdí tí wọ́n fi ń kó o mọ́ móódẹ̀mù tó ń lo 17 MHz. Mo wò ó fún alẹ́ méjì. Àṣìṣe kò padà wá.

Mo pààrọ̀ irú wáyà yẹn nínú ilé méje tó kù.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ìdánwò tó kẹ́yìn. Bí ẹnì kan bá já wáyà móódẹ̀mù rẹ̀ lójijì láì pa á dáadáa, ìpẹ̀kun wáyà yẹn yí padà, bí ìjò ṣe ń rìn láàárín okùn náà á yí padà pẹ̀lú rẹ̀, ohun tí DSLAM ti kọ́ kò sì ní bá ohun tó wà nílẹ̀ mu mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn onílé kò ní kọ́ ọgbọ́n pípa móódẹ̀mù nítorí mi. Okùn ló gbọ́dọ̀ fara dà á.

Ọmọ iṣẹ́ mi wà nílé kejì, mo wà ní yàrá ẹ̀rọ níwájú ìwé ipò ìlà. Mo ní kó fà á yọ. Ìlà kejì pupa. Ìlà kìíní ní àṣìṣe mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó dúró. Ìlà kẹta ní méjì. Àwọn tó kù kò mì rárá. Mo ní kó tì í padà, kó dúró kó so tán, kó sì tún fà á yọ. A ṣe é nígbà mẹ́wàá, ilé kejì sí ilé kẹjọ, kò sí ìlà kan tó já yàtọ̀ sí èyí tí a fà yọ.

Kí a tó kúrò, a padà sí àpótí kejì àti ìkẹta. A fi okùn tín-ínrín di funfun kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹnìkejì rẹ̀, a sì lẹ bébà kékeré mọ́ inú ọmọrí: ìlà kẹta, ewé àti funfun tirẹ̀; ìlà karùn-ún, eérú àti funfun tirẹ̀; má tú ìlọ́ ju ìbú ìka kan lọ.